Tamriel Rebuilt: ilẹ̀ tí kò sí nínú géèmù, àti àwọn tó ń kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́

Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2002 ni ilé-iṣẹ́ Bethesda Softworks gbé The Elder Scrolls III: Morrowind jáde fún kọ̀ǹpútà. Morrowind jẹ́ orúkọ ẹkùn kan nínú ilẹ̀ àròsọ tí wọ́n ń pè ní Tamriel, ṣùgbọ́n ẹni tó ra géèmù náà kò rí ẹkùn yẹn tán. Erékùṣù kan péré ni wọ́n kọ́ sínú rẹ̀, Vvardenfell. Ilẹ̀ tó yí erékùṣù náà ká, tó sì tóbi jù ú lọ dáadáa, kò sí níbẹ̀. Àwọn ará inú géèmù a máa mẹ́nu bà á, àwọn ìwé inú rẹ̀ a máa dárúkọ àwọn ìlú ibẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bọ́ sómi tí ẹ sì ń wẹ̀ lọ síhà ibẹ̀, omi náà ni ẹ ó máa bá lọ títí yóò fi sú yín.

Ilẹ̀ tí kò sí yẹn ni àwọn kan ti ń pèrò àtikọ́ láti ọdún 2001. Ẹ má rò pé mo ṣi ọdún kọ: iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ kí géèmù tó dé ọjà. Tamriel Rebuilt ni wọ́n sọ ọ́. Mod ni, ìyẹn àfikún tí àwọn tó ń gbá géèmù fọwọ́ ara wọn ṣe sórí géèmù tí ẹlòmíì ṣe. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín in. Kò sẹ́ni tó ń gba owó oṣù níbẹ̀, kò sì sí ìwé àdéhùn kankan tó de ẹnikẹ́ni mọ́ iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2025, tó pé ọdún mẹ́tàlélógún géérégé tí géèmù náà ti jáde, wọ́n gbé apá kan síta tí wọ́n pè ní Grasping Fortune, tí ìlú ńlá Narsis wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ò sì tíì tán.

Èwo ni ti kéèyàn máa kọ́ ilé tí kò ní gbé, tí kò ní tà, tí kò sì ní gbowó iṣẹ́ lórí rẹ̀, fún ohun tó lé ní ogún ọdún? Ìdáhùn tó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu ni pé wọ́n fẹ́ràn géèmù náà ni. Òótọ́ ni, àmọ́ kò tó. Àwọn mod tí wọ́n fi ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀ tí wọn ò sì jáde rí kò lóǹkà: àwòrán mẹ́ta, ìkéde kan, ó parí. Ìfẹ́ lè gbé ènìyàn dé oṣù kẹta. Ohun tí mo ń wá ni ohun tó gbé iṣẹ́ yìí wọ ọdún kẹrìnlélógún, ibi tí mo sì ti rí i ni bí wọ́n ṣe gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́.

Níbẹ̀rẹ̀, wọn ò gé e rárá. Gbogbo Tamriel ni wọ́n fẹ́ kọ́, ẹkùn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, gẹ́gẹ́ bí orúkọ iṣẹ́ náà ṣe sọ. Nígbà tó yá, ojú là. Wọ́n fi ara wọn mọ́ ilẹ̀ ńlá Morrowind nìkan, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn mìíràn. Àwọn tó ń kọ́ Skyrim àti Cyrodiil, ẹkùn Tamriel méjì, sínú géèmù 2002 yìí wà lábẹ́ orúkọ Project Tamriel, gbogbo wọn sì jọ ń mú àga, igi, aṣọ àti òkúta láti inú àká kan náà, fáìlì tí wọ́n ń pè ní Tamriel_Data. Tamriel Rebuilt kò yí orúkọ padà. Ó wá dà bí agbádá tó ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ.

Nǹkan méjì ló jẹ́ kí iṣẹ́ náà ṣeé ṣe fún ẹni tí kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Èkíní ni pé Bethesda fi Construction Set sínú páálí géèmù náà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń to ayé inú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ kóòdù kíkọ lè ṣí i, kó mú tábìlì kan, kó gbé e sí yàrá kan, kó gbé àtùpà lé e lórí. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Àwọn ará Morrowind a máa fi ohùn kí ènìyàn, wọ́n á sì pariwo bí ìjà bá dé, ṣùgbọ́n ìyókù ọ̀rọ̀ wọn, kíkà ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ lè jókòó lóru ọjọ́ kan kó fún odidi abúlé ní ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan náà gbé Oblivion jáde lọ́dún 2006, gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ ló ń fohùn sọ̀rọ̀. Ìlọsíwájú ni fún ẹni tó ń gbá a. Fún ẹni tó fẹ́ fi ènìyàn mẹ́wàá kún un, wàhálà ni: yóò wá olóhùn, yóò gba ohùn sílẹ̀, yóò tún un ṣe, bí ó bá sì yí gbólóhùn kan padà lẹ́yìn náà, yóò tún lọ wá olóhùn yẹn bóyá ó ṣì wà nítòsí.

Pé géèmù náà ti dàgbà wà lára ohun tó ń gbé iṣẹ́ náà ró, èyí tí àwọn ará ìta kì í sábà rò. Àga ọdún 2002 kò ní igun púpọ̀, ènìyàn kan lè gbẹ́ ẹ láàárín wákàtí díẹ̀. Àga inú géèmù òde òní lè jẹ odidi ọ̀sẹ̀.

Claim ni wọ́n ń pe ẹyọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Báyìí ló ṣe ń lọ. Àwọn kan á pèrò ìlú kan, bí ó ṣe tóbi tó, àwọn tó ń gbé ibẹ̀, ohun tí wọ́n ń jẹ, ẹni tí wọ́n kórìíra. Ẹlòmíì á gba apá ilẹ̀ kan, á gbé òkè àti odò sí i, á to ilé sí i. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní inú. Inú ilé kan, claim kan. Ihò àpáta kan, claim kan. Iṣẹ́ kan tí ará ìlú yóò rán ẹni tó ń gbá géèmù, òun náà ń dúró de ẹni tí yóò gbà á. Ẹni tuntun tó bá fẹ́ wọlé yóò kọ́kọ́ ṣe àpẹẹrẹ kékeré kan, yàrá kan tàbí méjì, yóò sì fi hàn. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé abọ́ yìí jókòó lórí tábìlì àbí ó léfòó díẹ̀? Ibo ni ìmọ́lẹ̀ yìí ti ń wá nígbà tí kò sí fèrèsé? Ta ló ń gbé ibí, kí ló sì dé tí olówó fi sùn sórí ẹní? Bó bá tún un ṣe tó sì dáa, ó ti lẹ́tọ̀ọ́ láti gba claim. Fáìlì tirẹ̀ yóò dá wà, ẹlòmíì yóò yẹ̀ ẹ́ wò, lẹ́yìn náà ni wọn yóò pò ó mọ́ fáìlì ńlá.

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà níbí, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀. Ẹni tó ní wákàtí méjì péré lọ́sẹ̀ kò lè parí Morrowind. Kò lè parí ìlú kan pàápàá. Ṣùgbọ́n ó lè parí ilé apẹja kan létí omi: ibùsùn kan, àwọ̀n tó ya, ìkòkò mẹ́ta, lẹ́tà kan lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó parí, ó parí náà nìyẹn. Ilẹ̀ tó kù lè jẹ́ ogún ọdún sí i. Ilé apẹja ti tán. Adùn àṣeparí, tí iṣẹ́ ńlá máa ń fi du ènìyàn, wọ́n gé e kéékèèké kó lè kan gbogbo wọn. Bí ẹni náà bá sì gbéyàwó lọ́dún tó ń bọ̀, tàbí tí iṣẹ́ gbà á, tàbí tí géèmù sú u, kò ba ohunkóhun jẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ilé apẹja wà níbi tó wà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọwọ́ tó kọ́ ilẹ̀ yìí ló ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, orúkọ ìnagijẹ wọn nìkan ló ṣẹ́ kù. Àáró kọ́ ni bí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ fún un, nítorí kò sẹ́ni tó ń retí pé kí wọ́n wá bá òun ro oko tirẹ̀ padà. Ó sún mọ́ ọ̀wẹ̀, àfi pé kò sí olóko.

Ohun kejì tó dè wọ́n mọ́ra ni pé kò sí ọfà atọ́nà nínú Morrowind. Nínú ọ̀pọ̀ géèmù òde òní, àmì kan á máa tọ́ka síbi tí ẹ ń lọ. Níbí, ẹni tó rán yín níṣẹ́ ló máa júwe ọ̀nà: kọjá afárá, yà sí òsì níbi òpó tó wó, bí o bá rí adágún omi o ti kọjá ibẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ó wá a. Nítorí náà, ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ gbára lé afárá tí ẹlòmíì gbé kalẹ̀. Bí ẹnì kan bá sún afárá yẹn sí ìsàlẹ̀ odò nítorí pé ó rẹwà jù níbẹ̀, ará ìlú kan ti di òpùrọ́ láìmọ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ rin ọ̀nà náà, kó ka ìjúwe náà, kó rí i bóyá wọ́n ṣe déédéé.

Ìyẹn ló sì ń fún wọn ní ohun tó ṣọ̀wọ́n níta. Ta ni yóò fi odidi wákàtí kan wo yàrá tí ẹ tò, tí yóò sì sọ fún yín pé ìkòkò kejì ti jìnnà sí ògiri jù? Ìbáwí ni, ó sì máa ń dunni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá bá yín wí báyìí ti ka iṣẹ́ yín sí. Mo gbà pé ìkàsí yìí ń dá ènìyàn dúró ju ìyìn lọ. Ìyìn àwọn tó ń gbá géèmù máa ń wá lọ́jọ́ tí apá tuntun bá jáde, ó sì lè tó ọdún kan tàbí méjì kí òmíràn tó jáde.

Àwọn olùwádìí méjì, Karim Lakhani àti Robert Wolf, ti bi àwọn ẹni 684 tó ń ṣe sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ nínú iṣẹ́ 287 ní ìbéèrè nípa ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Ohun tó gbawájú ni bí iṣẹ́ náà ṣe ń mú wọn mọ̀ pé àwọn ń dá nǹkan sílẹ̀, pé ọgbọ́n àtinúdá àwọn ń ṣiṣẹ́. Ó bá ohun tí à ń wò yìí mu. Àmọ́ nǹkan bíi ogójì nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n bi ló ń gba owó lórí iṣẹ́ náà lọ́nà kan tàbí òmíràn, àwọn ìyókù sì lè fi hàn bí wọ́n bá ń wá iṣẹ́. Ìkòkò mẹ́ta nínú ilé apẹja kò rọrùn láti fi wá iṣẹ́.

Mi ò fẹ́ kí ó dà bíi pé gbogbo rẹ̀ dán. Kíkọ́ dùn, yíyẹ̀wò kò dùn, pípo fáìlì pọ̀ ló tún wá burú jù. Kò sẹ́ni tó máa ń wá síbẹ̀ tí yóò sọ pé òun fẹ́ fi ọdún méjì wo ìkòkò àwọn ẹlòmíì. Nítorí náà, níbi tí wọ́n bá ti gé iṣẹ́ kíkọ́ wẹ́wẹ́ tó báyìí, ẹrù máa ń kóra jọ sórí àwọn díẹ̀ tó lè gbá a jọ padà. Àwọn wọ̀nyí ni kò lè lọ láìjẹ́ pé àyè wọn hàn. Bí ó bá rẹ ọ̀kan nínú wọn, fáìlì àwọn mẹ́wàá ń dúró. Ẹni tó fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò, tí kò gbọ́ nǹkan fún oṣù mẹ́fà, ìgbà wo ni yóò gba claim mìíràn?

Lẹ́yìn èyí ni ti wíwó. Apá ìlà-oòrùn, ilẹ̀ àwọn Telvanni, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, lọ́dún 2006. Bí ọwọ́ wọn ṣe ń dá ṣáṣá sí i, ohun tí wọ́n ti kọ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tì wọ́n lójú: ilẹ̀ gbalasa, ìlú tí kò yàtọ̀ síra. Wọ́n ti wó àwọn ibì kan, wọ́n sì tún un kọ́. Ìdí rere wà fún un, àti èrè tí wọn ò fẹnu sọ: níwọ̀n ìgbà tí nǹkan bá wà láti tún kọ́, claim kò ní tán, ẹni tuntun yóò máa rí ibi tí yóò jókòó sí. Ẹni tí wọ́n wó ìlú rẹ̀ kò ní gbà á bẹ́ẹ̀, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Owó wá ńkọ́? Ìwé àṣẹ tó wà pẹ̀lú Construction Set kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti ta ohun tó fi ṣe. Àwọn kan á wò ó bí ìdè. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n tú u díẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 2015, Bethesda àti Valve, ilé-iṣẹ́ tó ni Steam, ọjà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣí ilẹ̀kùn fún títa mod Skyrim (géèmù Elder Scrolls mìíràn, tó ń jẹ́ orúkọ ẹkùn yẹn) lórí Steam. Ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹni tó ṣe é yóò gbà, ilé-iṣẹ́ méjèèjì ni yóò pín ìyókù. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí wọ́n fi tì í padà. Ìbínú nípa ìdá 25 yẹn pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó yẹ fún àkọsílẹ̀ yìí ni àríyànjiyàn lórí ohun-ìní: mod kan lo iṣẹ́ ẹlòmíì, bí owó ti wọ̀ ọ́ báyìí, ta ló ni ín? Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ìbéèrè yẹn ń sùn.

Ẹ gbé e wá sí ìlú kan nínú Tamriel Rebuilt. Ẹni tó pèrò rẹ̀ ti lọ. Òmíràn ló tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, àwọn púpọ̀ ló ṣe inú ilé, àga wọn wá láti inú àká tí àwọn iṣẹ́ mìíràn náà ń mú nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará ìlú sì ti gba ọwọ́ mẹ́ta kọjá. Kò sí bí a ṣe lè pín owó ìlú yẹn kí ìjà má ṣẹlẹ̀, kò tilẹ̀ sí bí a ṣe lè rí gbogbo ẹni tó yẹ ká fún. Ọ̀fẹ́ nìkan ni ọ̀nà tí irú nǹkan báyìí lè gbà wà. Àwọn mod tó di ọjà jẹ́ èyí tí àwọn díẹ̀ lè gbé lé èjìká kí wọ́n sì máa lọ. Minh Le àti Jess Cliffe ló bẹ̀rẹ̀ Counter-Strike, mod ìbọn yíyìn, lọ́dún 1999, Valve sì gbà á lọ́dún tó tẹ̀ lé e. The Forgotten City jẹ́ mod Skyrim lọ́dún 2015, ó di géèmù tó dá dúró lọ́dún 2021. Àwọn tó ń kọ́ Tamriel Rebuilt kò rí tiwọn gbé lọ sí ibikíbi.

Àtakò kan wà tí mi ò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹni tí kò bá ra Morrowind kò lè gbá Tamriel Rebuilt, nítorí náà gbogbo apá tuntun tí wọ́n bá gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ń fún géèmù ẹlòmíì ní ẹ̀mí. Olùwádìí kan, Julian Kücklich, ti pe irú èyí ní playbour láti ọdún 2005, eré tó jẹ́ iṣẹ́ fún àǹfààní onílé-iṣẹ́. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é náà mọ̀. Ohun tí wọ́n rí gbà padà ni pé kò sẹ́ni tó ń dá ọjọ́ fún wọn, àti pé Bethesda fi wọ́n sílẹ̀ láti gbogbo ọdún yìí wá, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn kò rí bẹ́ẹ̀: géèmù kan tí olùfẹ́ Metroid, géèmù Nintendo, ṣe, AM2R, jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, láàárín ọjọ́ díẹ̀ Nintendo ti fi òfin lé e kúrò níta.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2014. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, Bethesda gbé The Elder Scrolls Online jáde, ilẹ̀ ńlá Morrowind sì wà nínú rẹ̀: Stonefalls, Deshaan, Mournhold, Narsis pàápàá. Onílé ti kọ́ yàrá tó ṣófo. Bó bá jẹ́ pé àìsí ilẹ̀ yẹn nìkan ló ń dun àwọn olùyọ̀ǹda wa, ọdún yẹn ni wọn ì bá ti lọ sùn. Wọn ò lọ. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn rẹ̀ ni Narsis tiwọn tó jáde. Nígbà yẹn, láti inú gbólóhùn kéékèèké tí wọ́n ṣà nínú géèmù 2002, wọ́n ti hun òwò, ìdílé, ẹ̀sìn àti gbèsè ilẹ̀ náà fúnra wọn. Ohun tí ilé-iṣẹ́ náà kọ́ kì í ṣe ibi tí wọ́n ń lọ mọ́.

Ní ti ẹ̀rọ géèmù náà, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń mú un ṣiṣẹ́, tó ti gbó, àwọn olùyọ̀ǹda mìíràn ló ń kọ òmíràn rọ́pò rẹ̀ láti ọdún 2008, OpenMW ni wọ́n ń pè é, òun náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2002, Bethesda ti fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀ ńlá yẹn rí, nínú àfikún kan tó ń jẹ́ Tribunal. Mournhold ni wọ́n gbé ènìyàn lọ. Kò sí ọ̀nà tó dé ibẹ̀, egbé ni wọ́n fi ń gbé ènìyàn wọlé. Odi gíga yí ibẹ̀ po, wọ́n sì fi òfin de fífò, kí ẹnikẹ́ni má baà gòkè wo ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí pé kò sí nǹkankan lẹ́yìn rẹ̀. Nínú ìtàn, Mournhold wà nínú ìlú tó tóbi jù ú lọ, Almalexia. Nígbà tí Narsis jáde, Almalexia kò tíì sí lára ohun tí wọ́n gbé síta. Àyè rẹ̀ wà lórí àwòrán ilẹ̀ wọn, ilé rẹ̀ yóò pọ̀, ilé kọ̀ọ̀kan yóò sì ní ilẹ̀kùn.